Iná Lésà Ni Wọ́n Ń Bẹ̀rù, Oògùn Ni Èmi Ń Béèrè

Láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti sọ fún wa nílé ní Iléṣà pé òun fẹ́ lọ ṣe lésà sójú kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ gíláàsì, ọ̀rọ̀ iná ni gbogbo ẹbí ń sọ. Màmá wa fẹ́ mọ̀ bóyá iná náà ò ní jó ẹyinjú. Bùọ̀dá wa àgbà ń béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Ìbéèrè gidi ni méjèèjì, dókítà sì dá wọn lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n apòògùn ni èmi, àdúgbò Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ta oògùn, orúkọ oògùn ni mo sì ń wá nínú ìwé tí wọ́n fún un pé kó kà kó tó fọwọ́ sí i. Mo rí mitomycin C níbẹ̀. Mo tún un kà.

Oògùn jẹjẹrẹ ni mo mọ orúkọ yẹn mọ́. Àwọn ará Jàpáànù ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960, láti ara kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Streptomyces. Bí a bá fi omi pò ó, àwọ̀ rẹ̀ a di àlùkò. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ló ń so okùn méjèèjì DNA, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé kiri, mọ́ra wọn, tí sẹ́ẹ̀lì náà kò fi ní lè pín sí méjì mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á sínú àpò ìtọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ mú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, a kì í kàn dà á nù síta. Kí wá ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń wá lójú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tó jẹ́ pé kò kàn rí ọ̀ọ́kán ni? Ìbéèrè tí mo gbé lọ bá dókítà rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ tú wò níbí.

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí 540 nínú rẹ̀ ni ìnípọn àárín kọ́níà ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, ẹyinjú rẹ̀ ló sábà máa ń gùn jù, tí àwòrán ohun tó jìnnà kì í fi í dé orí awọ ẹ̀yìn ojú, iwájú rẹ̀ ló ń balẹ̀ sí. Lésà kò lè gé ẹyinjú kúrú. Ó kàn ń bó díẹ̀ kúrò láàárín kọ́níà kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ sí i, kí ìmọ́lẹ̀ sì lè balẹ̀ síbi tó yẹ. Nínú ọ̀nà ẹgbẹ̀rún tí a pín mìlímítà sí yẹn, bíi 12 sí 15 ló ń lọ fún máínọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí gíláàsì ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán ṣe lágbára tó. Gíláàsì àbúrò mi sì ju máínọ́ọ̀sì mẹ́fà lọ.

Ní ti iná tí Màmá ń bẹ̀rù, lésà yìí kì í jó nǹkan. Excimer lorúkọ rẹ̀, ìgùn ìgbì ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ nánómítà 193, kì í sì í wọ inú ojú lọ; ohun tó bá fọwọ́ kàn lójú kọ́níà nìkan ló ń tú. Dókítà obìnrin kan, Marguerite McDonald, ló kọ́kọ́ fi ṣe PRK, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ṣe lésà yìí, fún ojú tó ń ríran, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1988. Ọdún 1995 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn nílẹ̀ náà, fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò.

PRK ni dókítà yàn fún àbúrò mi, kò yan LASIK tó jẹ́ ọ̀nà kejì, nítorí pé kọ́níà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn, àti nítorí bọ́ọ̀lù tó ń gbá. Nínú LASIK, wọ́n máa ń gé ìbòrí pẹlẹbẹ kan lójú kọ́níà, wọ́n a ṣí i, lésà a ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n a sì dà á padà. Ìbòrí yẹn lè yẹ̀ bí nǹkan bá gbá ojú. PRK kò ní ìbòrí. Ńṣe ni wọ́n ń ha ìpele òkè kọ́níà kúrò, tí lésà ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó kù, tí ìpele òkè náà sì ń hù padà láàárín ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ń dunni ju LASIK lọ, kùrukùru sì lè bo ojú lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí kùrukùru yìí ni oògùn náà ṣe wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú kọ́níà tí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kó lè máa mọ́ gaara. Bí lésà bá ti ṣiṣẹ́ tán, àwọn tó sún mọ́ ibẹ̀ a kú, àwọn tó kù a ta jí, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í pín, àwọn mìíràn nínú wọn a sì di sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe àpá. Àpá tó bá wà lápá tàbí lẹ́sẹ̀, ẹwà ló ń bà jẹ́. Èyí tó bá wà lójú kọ́níà, ìríran ló ń dí. Bí ohun tí wọ́n bó bá ṣe pọ̀ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ṣọ́ra gidigidi fún ẹni tí gíláàsì rẹ̀ bá ju máínọ́ọ̀sì mẹ́fà lọ.

Lọ́dún 1991, Talamo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán mitomycin wò lójú ehoro lẹ́yìn lésà, àpá náà sì dínkù. Lọ́dún 2000, Majmudar àti àwọn tirẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn tí kùrukùru ti bò lójú, tí wọ́n ha á kúrò fún, tí wọ́n sì fi mitomycin tẹ ibẹ̀ kó má baà padà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí Carones fi hàn pé a lè lò ó kí kùrukùru tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Látìgbà náà ló ti wọ tíátà iṣẹ́ abẹ. Bí lésà bá ti parí, dókítà á rẹ fóòmù kékeré róbótó sínú oògùn náà, á gbé e lé kọ́níà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, látorí 12 títí dé ìṣẹ́jú méjì, bó bá ṣe yàn án, á gbé e kúrò, á sì fi omi iyọ̀ tútù púpọ̀ ṣan ojú náà. Ó tán.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kò sí nínú ìwé lésà kankan. Ọ̀rọ̀ ẹran ojú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹran ojú pọ̀ lágbègbè wa: àgbẹ̀ tó ti lo ayé rẹ̀ nínú oòrùn àti eruku, ọlọ́kadà tí kì í wọ nǹkan bojú, àwọn ìyá tó ń pàtẹ sínú oòrùn ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ẹran náà á yọ láti igun ojú, á máa rá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gun orí kọ́níà. Bí wọ́n bá gé e, ó máa ń fẹ́ hù padà, mitomycin sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró. Nígbà kan, ńṣe ni wọ́n ń gbé oògùn náà fún aláìsàn lọ sílé, pé kó máa kán an sójú lójoojúmọ́. Lọ́dún 1992, Rubinfeld àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn àwọn tí èyí ṣe léṣe: ìfúnpá inú ẹyinjú àwọn kan ga, kọ́níà àwọn kan wú, ti àwọn mìíràn tilẹ̀ lu. Ọ̀pọ̀ dókítà bá yí ọwọ́ padà, wọ́n ń fi oògùn náà tẹ ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú tíátà, wọ́n a sì ṣan án kúrò.

Ìròyìn 1992 yẹn ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Oògùn kan náà ló lu kọ́níà ẹnì kan, tó sì dáàbò bo ti ẹlòmíràn. Iye tó wọlé àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló yàtọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé mitomycin «kò léwu» tàbí pé ó «léwu», èmi á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: mélòó ló lò, ó sì pẹ́ tó báwo lójú?

Bí a bá ń wá ibi tí oògùn náà ti lè ṣèpalára, ìpele tó wà nísàlẹ̀ kọ́níà pátápátá, lápá inú ojú, ni kí a fojú sí. Ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa fa omi kúrò nínú kọ́níà tọ̀sán-tòru, bíi àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò, tí wọ́n ń gbọ́n omi rẹ̀ dànù. Bí àwọn tó ń gbọ́n omi bá dínkù jù, kọ́níà á mu omi, á wú, á sì funfun. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń ní nǹkan bí 2,500 sí 3,000 sẹ́ẹ̀lì yìí nínú mìlímítà onígun mẹ́rin kan. Ara wa kì í sì í ṣe òmíràn rọ́pò wọn. Bíi ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ lọ́dọọdún bí a ṣe ń dàgbà. Bí wọ́n bá wálẹ̀ dé bíi 500, ojú náà lè má mọ́ mọ́ àfi bí wọ́n bá fi kọ́níà ẹni tó ti kú pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ bí ìyẹn ṣe ṣòro tó nílẹ̀ wa.

Ẹnìkan lè sọ pé: bí mitomycin bá jẹ́ oògùn tí ń dá pípín dúró, kí ló kàn án pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí kì í pín? Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ bàjẹ́ lè kú bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti pín láé, kọ́níà tí wọ́n sì ti bó tinrin ni oògùn yìí ń gbà kọjá. Lọ́dún 2006, Morales àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ dínkù lójú àwọn tí wọ́n fi mitomycin tẹ̀ nígbà PRK. Ojú tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn tó kó ojú jọ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò rí àdánù kan tó ṣe gbòógì. Bí mo ṣe wo gbogbo rẹ̀, ohun tí mo gbà ni pé fún ẹni tó ju máínọ́ọ̀sì mẹ́fà lọ, kùrukùru ni ewu tó sún mọ́ jù, ó sì yẹ kí wọ́n lo oògùn náà. Ṣùgbọ́n kí àkókò rẹ̀ kúrú, kí wọ́n sì ka sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n tún kà á lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kíkà náà kò ní ìrora kankan nínú, àwòrán ni wọ́n ń yà. Ẹni tí tirẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, kó jókòó pẹ̀lú dókítà rẹ̀ kó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Mo tún ní ìbéèrè kan, òun sì ni ìbéèrè apòògùn gan-an: ta ló pò ó? Ní Amẹ́ríkà pàápàá, FDA kò fọwọ́ sí mitomycin fún PRK. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ojú lọ́dún 2012, iṣẹ́ abẹ glaucoma, àìsàn tó ń ba okùn ẹ̀yìn ojú jẹ́, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ìyẹn kò sọ pé ohun burúkú ni dókítà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ oògùn ni a ń lò lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgò oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n sábà máa ń ṣí, tí wọ́n ń fi omi là á kó tó bá ojú mu. Ohun tí wọ́n ń wá ni mílígíráàmù 0.2 nínú mílílítà kan, ìyẹn ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìgò náà bá ní mílígíráàmù 5, mílílítà 25 ni omi tí yóò gbà. Ẹni tó bá fi mílílítà 2.5 pò ó ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, àwọ̀ àlùkò náà kò sì ní pariwo fún dókítà pé nǹkan ti yí. Ààmì kékeré kan láàárín nọ́ńbà méjì ni gbogbo rẹ̀. Oògùn yìí kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n pò ó àti ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ṣe pàtàkì.

Mo bi wọ́n léèrè. Dókítà náà kò bínú rárá, ó ní apòògùn tiwọn ló ń pò ó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹlòmíràn á sì tún ìṣirò náà ṣe kó tó wọ tíátà. Inú mi dùn sí i gan-an. Bí ilé ìwòsàn kan bá ń ka ìbéèrè yìí sí àrífín, èmi ò ní gbé ojú ẹbí mi fún wọn. (Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ lóyún tàbí tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kó di ìgbà míì. Ẹni tí àpá rẹ̀ sì máa ń wú, kó sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó béèrè.)

Oògùn tí ń mú kí ojú kú tipiri kí a má baà mọ ìrora, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀kán kan méjì nínú tíátà kì í ṣe nǹkan. Àmọ́ ìrora PRK le ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àbúrò mi sì ti ń wá ọ̀nà: «Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tetracaine ò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín ni? Díẹ̀ péré, tí n óò fi sùn.» Mo ní kò sí fún un, kò sì ní sí. Ẹni tó bá ń kán oògùn yẹn sójú nílé léraléra, ìpele òkè kọ́níà rẹ̀ kò ní hù padà, kọ́níà fúnra rẹ̀ lè máa yọ́, ẹni náà kò sì ní mọ̀, nítorí pé ojú tó ti kú tipiri kì í kígbe. Egbòogi ìrora tí a ń gbé mì ni kó béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Steroid, ìyẹn oògùn tí ń mú kí wíwú àti pípọ́n ara rọlẹ̀, ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló kàn wá jù níbí. Lẹ́yìn PRK, wọ́n máa ń fún ènìyàn ní ẹ̀kán steroid kó máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí kùrukùru má baà wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n steroid máa ń gbé ìfúnpá inú ẹyinjú àwọn kan ga, àwọn tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n wọn bá sì ní glaucoma ló sábà máa ń bá jù. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún ló ní glaucoma. Bàbá wa wà lára àwọn tó ní in. Alaalẹ́ ni Màmá ń kán oògùn sí i lójú. Ìríran ẹ̀gbẹ́ tí glaucoma ti gbà lọ́wọ́ Bàbá kò padà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ń fi èjìká gbá báyìí.

Èyí tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn nílé ni pé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ojú, orí kọ́níà ló ń tẹ̀. Kọ́níà tí lésà ti bó tinrin máa ń rọ̀ fún un, iye tí ẹ̀rọ náà á sì mú wá á kéré sí ohun tó wà nínú ojú gan-an. Ọmọ ẹni tó ní glaucoma, tó ń kán steroid, tí kọ́níà rẹ̀ ti tinrin, ẹ̀rọ lè máa sọ pé ojú rẹ̀ dára nígbà tí ìfúnpá ń jẹ okùn tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Ogún ọdún sí i, bó bá wọ ilé ìwòsàn mìíràn tí kò sì sọ fún wọn pé òun ti ṣe lésà rí, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kó gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú: ìnípọn kọ́níà méjèèjì, ìfúnpá, iye sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, àti àwòrán okùn ẹ̀yìn ojú. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lórí fóònù rẹ̀, mo sì tẹ ọ̀kan sórí bébà fún Màmá. Wọ́n ti sún iṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn ọyẹ́, torí eruku tó ń fẹ́ nígbà náà kò dára fún ojú tí ìpele òkè rẹ̀ ò tíì hù tán. Oòrùn tiwa náà lè mú kí kùrukùru wá, nítorí náà ó ti ra gíláàsì dúdú tó ń dí ìtànṣán oòrùn, fìlà gbòòrò sì wà nílé.

Ẹ̀kán steroid rẹ̀, ọwọ́ mi ni yóò ti máa gbà á. N óò fún un ní ìgò kan bí dókítà ṣe kọ ọ́. Bó bá fẹ́ èkejì, kó mú èsì ìfúnpá ojú tó lọ wọ̀n lọ́sẹ̀ náà wá, kí wọ́n sì ti kọ ìnípọn kọ́níà rẹ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.